Akàn Ẹnu Ọ̀nà Bánjí

Ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ariwo kì í jẹ́ kí ẹnu wúlò. Wíǹṣì ń ké, ọkọ̀ òkun ń fọn fèrè, irin ń lu irin. Ẹni tó bá ní ohùn lòun fẹ́ fi darí ẹrù, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò já lásán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan á dúró létí ihò ńlá tó wà láàárín ọkọ̀, á máa wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, á sì máa fi ọwọ́ sọ ohun tí awawíǹṣì máa ṣe. Bó bá ká ìka rẹ̀ kò, tó ń mi ọrùn ọwọ́, kí ẹrù máa sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Bó bá na ọwọ́ sókè, tó la ìka márààrún gbàgà, kí ẹrù dúró ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò rí wíǹṣì, ẹni tó wà nídìí wíǹṣì kò rí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ yẹn nìkan ló wà láàárín wọn, ẹ̀mí àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ń bẹ nínú rẹ̀.

Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, kò sí ọwọ́ tó dá wọn lójú ní Àpápá tó ti Ọlábánjí. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó tí kò mọ orúkọ rẹ̀ a máa béèrè ọkùnrin gíga tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ta létí ni Túnbọ̀sún.

Túnbọ̀sún ló mú Bánjí wọ wọ́ọ̀fù. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la ìka àti bí wọ́n ṣe ń ká a. Àmọ́ nígbà tí Fidelis, fọ́máànù wọn, ń wá ẹni tí yóò dúró létí ihò, ọmọṣẹ́ ló mú, ó fi ọ̀gá sílẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀, níbi tí ooru ti ń se èèyàn bí iṣu. Láti ọjọ́ náà ni Túnbọ̀sún ti ń gbójú sókè wo ọwọ́ ẹni tó kọ́ níṣẹ́, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bánjí ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń bù fún un nínú ohunkóhun tó bá ní. Èyí gan-an ló tún ń dun Túnbọ̀sún jù. Ó wù ú kí ọwọ́ yẹn rọ, kí òun náà lè gòkè lọ dúró níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

*

Bàbá Akínsànyà olóògùn ń gbé ní Marine Beach, nínú ahéré pákó tí omi ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ tó ń wọ abẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ọ̀sán gangan nìkan ló ń gba àlejò, nígbà tí oòrùn bá dúró ní àtàrí, tí òjìji ti sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ olúwa rẹ̀. Ó ní òru ti di ti olè àti ọlọ́pàá. Àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni wọ́n ń rìn.

Nígbà tí Túnbọ̀sún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí Bánjí ṣẹ̀. Ọwọ́ wo ni, ìyẹn nìkan ló bi í. Túnbọ̀sún ní ọwọ́ ọ̀tún ni. Bàbá fa akàn kan yọ láti inú agbọ̀n, akàn náà ṣì yè, ó ń yọ fóòmù lẹ́nu, ojú rẹ̀ méjèèjì nà ró. Ó na òwú dúdú àti òwú funfun sí Túnbọ̀sún, ó ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so èékánná ńlá akàn náà pọ̀ kó má lè là mọ́. Túnbọ̀sún so ó. Bó ṣe ń so ó ni ọwọ́ tirẹ̀ ń tutù, àfi bíi pé inú omi ló kì í bọ̀.

Bàbá ní kó fi akàn náà sínú ìkòkò, kó lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bánjí, ó wá sọ̀rọ̀. “Ìwọ lo so ó, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń soni àti ọwọ́ tí a so ti di ìbejì báyìí. Ojú abẹ kò gbọdọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀kankan nínú wọn títí òwú yìí ó fi tú. Bó bá kan tirẹ̀, ìdè á já, ìdè tó bá já kì í sùn síta, ilé ẹni tó so ó ló ń lọ. Bó bá kan tìrẹ, kí o ti wá ẹni tí yóò wẹ òkú rẹ sílẹ̀.”

Túnbọ̀sún béèrè ohun tí èèyàn máa ṣe bó bá fẹ́ tú u. Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. Ó ní kí ó hú u, kí ó já òwú náà, kí ó sì dá akàn padà sínú omi. Ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó so nǹkan tó rántí ọ̀nà àtitú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò rọ̀ tí omi gba Ajégúnlẹ̀, ó sì gba iwájú ilé Bánjí. Bí ilẹ̀ ṣe gbẹ díẹ̀, Túnbọ̀sún gbé ṣọ́bìrì dé, ó ní òun wá bá àbúrò òun da iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Dorothy, ìyàwó Bánjí, ló bá nílé. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọsibítù, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sì ni. Ó dúpẹ́ títí, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí ẹni ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tó wọlé lọ gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá ni Túnbọ̀sún ri ìkòkò akàn mọ́lẹ̀. Ó da iyanrìn bò ó, ó fi ẹsẹ̀ kì í, ó sì jókòó lé ibẹ̀ gan-an, ó jẹ ẹ̀wà obìnrin náà tán, ó ní kí ó tún fún òun lómi. Ìkà ni Túnbọ̀sún, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

*

Ìka náà há. Túnbọ̀sún wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Bánjí na ọwọ́ sókè láti dá ẹrù dúró, àwọn ìka yòókù là, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e kọ̀, wọ́n ká síbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n tó là lójijì. Gregory tó ń wa wíǹṣì kò fura. Túnbọ̀sún fi àkísà nu ojú rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín tó ń rín.

Lọ́jọ́ náà nídìí oúnjẹ, Bánjí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Fidelis. Láàárọ̀, ọwọ́ kejì ni mo fi ń ṣí i. Á há, á wá dún pàkà bí ẹni ṣẹ́ igi. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lé mi kúrò létí ihò.”

Túnbọ̀sún ní kí ó fọkàn balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi dé ilé. Ìgbà tó ń fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé ni nǹkan kan bọ́ sí i lọ́kàn, omi sì dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́ ọwọ́ ta ni òun ń ṣiṣẹ́? Abẹ́ ọwọ́ Bánjí ni. Ohun tó ti rò ni pé ọwọ́ náà á ká pátápátá lọ́jọ́ kan, Fidelis á lé e, òun á sì gòkè. Kò rò ó pé ìka lè máa ṣeré: kó là lónìí, kó há lọ́la, kí ẹni tó ni ín sì máa fi pamọ́. Ó ti so ọwọ́ tó ń dá ẹrù dúró lórí òun fúnra rẹ̀.

Ó sáré lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ Fidelis. Fidelis pe Bánjí níwájú gbogbo wọn, ó ní kó la ọwọ́. Ọwọ́ náà là gbàgà, ó mọ́, kò sí ìka kan tó dúró lẹ́yìn. Fidelis yíjú sí Túnbọ̀sún. “Túnbọ̀, na bad belle dey worry you. This hand no get anything. Oya, go down.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Túnbọ̀sún gba orí àkàbà padà sísàlẹ̀, Bánjí sì ń wò ó láti òkè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé.

Ìbẹ̀rù wá di oúnjẹ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọ̀bẹ sún mọ́ ọwọ́ òun mọ́, eyín ló fi ń gé èékánná, àkísà ló sì ń wé mọ́wọ́ ṣiṣẹ́. Morádéún ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun gé iṣu, ó kọ̀, ó bínú jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akàn kan rìn wọ yàrá wọn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó gbé èékánná kan ṣoṣo sókè. Morádéún fi ọmọ odó pa á, ó ní òjò ló ń lé wọn wọlé, ọbẹ̀ ti dé. Èékánná tó ti gé kúrò lára akàn náà ṣì ń là, ó ń pa dé, nínú agbada. Túnbọ̀sún kò jẹun lọ́jọ́ náà.

*

Dorothy kò gbà pé kí wọ́n máa wo ìka níran. Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà tẹ àtẹ́lẹwọ́ náà, ó ní nǹkan kékeré ni: iṣan tó ń fa ìka ti wú, ihò tó ń gbà kọjá ti fún, ìdí nìyẹn tó fi ń há. Òun á fi abẹ la ibẹ̀ díẹ̀, Bánjí á lọ sílé lọ́jọ́ náà, á sinmi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó parí. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Bánjí fi sọ fún Túnbọ̀sún.

Ẹ wo bí Èṣù ṣe ń fi èèyàn ṣeré. Ká ní Túnbọ̀sún dákẹ́, Bánjí ì bá jókòó sílé, Fidelis ì bá sì fi Túnbọ̀sún sétí ihò, nítorí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó ti wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ nìkan ló gbọ́. Ìdè tó bá já, ilé ẹni tó so ó ló ń lọ.

Ó di ọwọ́ Bánjí mú. “Àbúrò, ìka tó dédé há, ṣé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Bàbá kan wà ní Marine Beach. Kó o tó jẹ́ kí wọ́n gbé abẹ sí ọ lọ́wọ́, lọ rí i.”

Bánjí lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Akínsànyà sọ ohun tí Túnbọ̀sún fẹ́ kí ó sọ: wọ́n ti so ọwọ́ yìí, bí abẹ bá kàn án, gbogbo apá ló máa rọ. Ó fi òrùka bàbà kan tó fún gan-an bọ ìka àárín. Dorothy sunkún, ó jà, ó pa àdéhùn dókítà tì nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́. Gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, àfi ọ̀rọ̀ tí Bánjí tún wá fi kún un nídìí oúnjẹ, tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíì má bàa gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní ẹni tó sún mọ́ mi ló ṣe é. Ó bi mí bóyá kí òun dá a padà fún un. Mo ní kí ó dá a padà. Mo ní ohun tó bá wà lókè kó sọ̀ kalẹ̀ lé ẹni náà.”

Òkèlè kọ́ Túnbọ̀sún lọ́fun. Bánjí ló gbá a lẹ́yìn tó fi gbé e mì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì bá a ní Marine Beach. Akínsànyà ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, kò gbójú sókè. Túnbọ̀sún bi í bí ó ṣe lè gba iṣẹ́ méjì lórí ọwọ́ kan ṣoṣo. “Ìwọ lo rán an sí mi,” ni Bàbá wí. “Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń ta ọjà fún un.” Túnbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ lórí pákó tútù, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá ní kó lọ hú akàn rẹ̀, àti pé tó bá ń lọ kó má tẹ àwọ̀n òun mọ́lẹ̀.

Ó gbé ṣọ́bìrì lọ sílé Bánjí. Dorothy jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó bi ẹ̀gbọ́n ohun tó fẹ́ fi ṣọ́bìrì ṣe, ó ní iyanrìn yẹn ti le dáadáa, wọn ò ní jẹ́ kó tún ṣe wàhálà mọ́. Bó ṣe wá lọ́jọ́ yẹn ló wá lọ́jọ́ mìíràn, kò sígbà tí kò bá èèyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Dorothy bẹ̀rẹ̀ sí í wo ṣọ́bìrì náà ju bó ṣe ń wo ojú rẹ̀ lọ, Túnbọ̀sún sì ṣíwọ́.

*

Àpótí igi ńláńlá ni ọkọ̀ ọjọ́ náà kó wá. Òrùka ti jẹ́ kí ìka Bánjí wú bí ata rodo, síbẹ̀ ó dúró létí ihò. Nísàlẹ̀, Túnbọ̀sún ti ń sá fún ẹrù láti àárọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Fidelis pariwo lé e lórí, ó ní kí ó di etí àpótí tó ń bọ̀ mú kó lè bọ́ sórí èkejì. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e.

Àpótí náà yí. Ó rí i pé kò ní bọ́ síbi tó yẹ, ó ké, ó gbójú sókè. Ó rí apá Bánjí tó nà sókè láti dá a dúró. Ó rí i tí ìka rẹ̀ kọ̀ láti là. Bánjí ń bá ìka náà jà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń mì, àwọn ìka náà sì ká kò. Gregory rí ọwọ́ tó ká, tó ń mì. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti ń wa wíǹṣì nìyẹn. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Igi pàdé igi, ọwọ́ Túnbọ̀sún sì wà láàárín. Bí wọ́n ṣe ń gbé e gun òkè lọ tó ń ké bí ẹran, ohun kan ń dún lọ́kàn rẹ̀ tó ń tù ú nínú: kì í ṣe irin, igi ni.

*

Ọsibítù tí Dorothy ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà wo ọwọ́ náà, ó ní ìka mẹ́ta ti kú, wọ́n gbọ́dọ̀ gé wọn kí ọwọ́ yòókù lè yè. Túnbọ̀sún ní abẹ kò ní kan ọwọ́ òun. Dókítà ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Morádéún kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi orúkọ àwọn ọmọ wọn bẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbà. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú báńdéèjì, ó ní kí wọ́n pe Bánjí wá.

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún: akàn, òwú, èèwọ̀ abẹ, bó ṣe rán an lọ bá Akínsànyà. Ó bẹ Bánjí kí ó hú ìkòkò náà, kí ó já òwú, kí ó sọ akàn sómi, kí dókítà lè gé ìka òun kí òun má kú. Bánjí kò pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló béèrè.

“Ṣé ibi tí Dorothy ti gbé ẹ̀wà fún yín?”

Túnbọ̀sún ní ibẹ̀ ni. Bánjí dìde, ó jáde.

Kò kọ́kọ́ lọ sílé. Ní báyìí tó ti mọ ẹni tó fi èèwọ̀ abẹ dẹ́rù bà á, ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ. Wọ́n fi ayùn kékeré gé òrùka, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ìka náà sì là. Ìgbà tó padà sí bẹ́ẹ̀dì Túnbọ̀sún lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, dúdú ti kọjá ọrùn ọwọ́, ó ń gun apá lọ, ara ọkùnrin náà sì gbóná bí ààrò. Dorothy wà nínú wọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú garawa àti àkísà, ó ń nulẹ̀.

“Bánjí, ṣé o ti hú u?”

“Mo rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e. Ó nípọn. Ọjọ́ pẹ́ tí Dorothy ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n ṣe ẹnu ọ̀nà yẹn dáadáa.”

“Mo kọ́ ẹ níṣẹ́ o, Bánjí.”

“O kọ́ mi dáadáa.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, Bánjí kò pè é ní ìwọ rí. Túnbọ̀sún rí ojú abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìdè ti já, ó ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà.

Àánú ṣe Dorothy. Ó mọ ohun kan tí Túnbọ̀sún kò mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọjọ́ ọdún Àjíǹde, ọjọ́ tí mọ́tò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ni ìka ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í há, kí òjò tó rọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó da iyanrìn kankan sẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí Túnbọ̀sún bá gbọ́ ọ, yóò mọ̀ pé akàn lásán ló so, ẹ̀rù abẹ á sì kúrò lára rẹ̀. Dorothy gbé àkísà sílẹ̀, ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ̀gbọ́n Túnbọ̀sún, ìka yìí…”

Bánjí na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó la ìka márààrún gbàgà. Ìyàwó òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ni Dorothy, ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé garawa rẹ̀, ó sì lọ nulẹ̀ níbòmíràn.

Dókítà tún wá lọ́sàn-án. Túnbọ̀sún fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún, ó ní ẹni tó bá gbé abẹ sún mọ́ òun, òun á gé e jẹ. Nígbà tí ọwọ́ Bánjí jiná, Fidelis dá a padà sétí ihò. Morádéún àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wẹ òkú Túnbọ̀sún. Ọwọ́ náà dúdú dé èjìká, ṣùgbọ́n kò sí ojú abẹ kankan lára rẹ̀.